Ìrù Okùn Mẹ́ta

Àpò ìwé ọmọ iléèwé ni àpò àkọ́kọ́ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ kó dá rán. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà náà. Nígbà tó parí rẹ̀ tó gbé e fún bàbá, bàbá kò wo ojú rírán, kò wo ìsàlẹ̀ àpò. Etí okùn èjìká tó gba inú irin tó ń mú okùn kúrú tàbí gùn kọjá, tó wá ń jù fìrìfìrì lóde, ibẹ̀ ló tẹ ìka mọ́.

"Kí lèyí?"

Ọmọ ní ìrù okùn ni.

"Ẹranko ló ń ní ìrù," ni bàbá wí. "Iṣẹ́ ọwọ́ mi kì í ní in."

Ó gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ọmọ, ó ká etí okùn náà padà, ó rán an mọ́ ara okùn pẹ́kípẹ́kí. Kò sí ohun tó ń jù mọ́.

Nígbà tí bàbá kú, ó fi òòlù sílẹ̀, ó fi abẹ tí wọ́n fi ń gé awọ sílẹ̀, ó fi maṣíìnì dúdú kan tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí sílẹ̀, ó sì fi òfin ìrù okùn náà sílẹ̀. Ọmọ jogún gbogbo rẹ̀. Ọdún méjìlélógójì ló fi rán àpò fún akẹ́kọ̀ọ́, fún arìnrìn-àjò, fún àwọn tó ń pín lẹ́tà kiri. Ẹni tó bá ra àpò lọ́wọ́ rẹ̀ kì í padà wá nítorí pé nǹkan tú. Bí ó bá padà wá, ọmọ rẹ̀ ló mú wá kí òun náà lè ní tirẹ̀. Bí àdúgbò ṣe sọ ọ́ ní Kì-í-tú nìyẹn. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé bí ẹnìkan bá pe orúkọ àbísọ rẹ̀ lójú títì, ó lè kọjá lọ láì wẹ̀yìn.

Yàrá kan ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó dojú kọ géètì bárékè àwọn ológun, títì nìkan ló là wọ́n láàárín. Igun tábìlì rẹ̀ ti jẹ wọnú nítorí okùn tó ń fà kọjá lórí rẹ̀ lójoojúmọ́, àtàǹpàkò ọwọ́ òsì rẹ̀ sì ti le bí igbá. Lẹ́yìn ògiri ni ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan wà, ọkùnrin aláwàdà tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó ti yá nǹkan lọ́wọ́ Kì-í-tú, Kì-í-tú náà ti yá nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, títí àwọn méjèèjì kò fi mọ àlùmọ́gàjí ẹni tó wà lọ́wọ́ ẹni mọ́.

Ọmọ mẹ́ta ni Kì-í-tú bí kí ọkọ rẹ̀ tó kú. Méjì ti ṣí lọ sí ibòmíràn. Àbíkẹ́yìn, obìnrin, ló kù sí tòsí, òun náà ló sì wọṣẹ́ ológun. Lọ́jọ́ tó sọ ọ́, ìyá rẹ̀ kò pariwo. Ó kàn bi í pé, "Nínú gbogbo iṣẹ́ tó wà láyé?"

"Màmi, ojú fèrèsé yín ni mo ti ń wo àwọn ṣọ́jà látìgbà tí mo ti ń rá. Kí lẹ rò pé màá ṣe? Kí n lọ máa ta òdòdó?"

Ìyá padà sídìí maṣíìnì rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, Àbíkẹ́yìn sọdá títì wá pẹ̀lú àpò ẹ̀yìn ológun rẹ̀, ó jù ú sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ọwọ́ kan ra ìkejì.

"Màmi, ọwọ́ mi ń kú."

"Kí ló pa á?"

"Àpò yìí ni. Tí mo bá ti wọ ẹ̀wù ayẹta, tí mo wá gbé àpò lé e, a ò ní rìn tó ìdajì wákàtí tí ìka mi ò fi ní mọ̀ bóyá ìbọn ni mo dì mú tàbí ọwọ́ ìgbálẹ̀. Wọ́n sì ní a máa tó lọ."

"Lọ síbo?"

"Ẹ má bi mí ní ìyẹn."

Ìyá rẹ̀ kò bi í. Ó ní kó lọ gbé ẹ̀wù ayẹta náà wá kí òun wò ó. Àbíkẹ́yìn ní wọn kò gbọ́dọ̀ gbé e jáde ní géètì. Ó ṣàlàyé pé irin pẹlẹbẹ kan wà níwájú, òmíràn wà lẹ́yìn, aṣọ tó nípọn ló so wọ́n pọ̀ gba orí èjìká. Ó fi ìka méjì hàn pé bí irin náà àti aṣọ rẹ̀ ṣe nípọn tó nìyí.

"Ìka lẹ̀yin ológun fi ń wọn nǹkan?" ni Kì-í-tú wí, ṣùgbọ́n ó ti ń wá pákó kiri. Ó rí ògbólógbòó pákó méjì tó máa ń gé awọ lé lórí, ó fi kúbùsù wé wọn títí wọ́n fi nípọn tó ìka méjì, ó fi awọ so wọ́n pọ̀ lókè, ó gbé wọn wọ ọmọ rẹ̀ lọ́rùn. Ó ní kó gbé àpò lé e, kó máa rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìn maṣíìnì. Òun náà jókòó, ó ń wò ó.

Kò pẹ́ tó fi rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì lásán ni wọ́n wọn àpò náà fún. Bí ìka méjì bá gun iwájú, tí ìka méjì gun ẹ̀yìn, okùn èjìká ti kúrú. Fóòmù tó wà nínú okùn náà tún ń ti etí ẹ̀wù ayẹta wọ abíyá, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé ọwọ́. Bẹ́lítì ìdí, tó yẹ kó di egungun ìbàdí mú kí ìbàdí lè bá èjìká ru ẹrù, orí pákó ló gùn sí. Èjìká nìkan ló ń ru gbogbo ẹ̀.

"Àpò yìí kò burú," ni Kì-í-tú wí. "Wọn ò kàn rò ó dé ọ̀dọ̀ rẹ ni."

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe é. Ó yọ fóòmù kúrò nínú okùn èjìká, nítorí ẹ̀wù ayẹta fúnra rẹ̀ ti tó ìrọ̀rí. Ó fi ìbú ọwọ́ kan kún gígùn okùn kọ̀ọ̀kan. Ó sọ bẹ́lítì ìdí kalẹ̀ kó lè gba abẹ́ etí pákó kọjá lọ dì mọ́ ìbàdí. Ó rán àpò kékeré kan sínú, sókè, níbi tó sún mọ́ ẹ̀yìn, kí wọ́n lè máa kó ohun tó wúwo síbẹ̀, kí ẹrù má baà máa fà á sẹ́yìn. Nígbà tí Àbíkẹ́yìn gbé e wọ̀, ó rìn yí ilé po lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó na ìka rẹ̀, ó ká wọn, ó bú sẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ kan ló wá kù. Ìrù okùn mẹ́ta ń jù: ti èjìká méjèèjì àti ti ìdí. Ìyá rẹ̀ fi irin so okùn síbi tí wọ́n wọ̀n ọ́n dé, ó ká ìrù wọn padà, ó sì rán wọn mọ́lẹ̀. Nítorí pé ọmọ òun ló ni ín, ìlà méjì ló fi òwú tí a fi ìda pa rán an, dípò ìlà kan.

Àbíkẹ́yìn wò ó, ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀. "Màmi, ẹ ò bá fi ìrù yẹn sílẹ̀. Wọ́n kọ́ wa pé ó yẹ kéèyàn lè..."

"Ta ló kọ́ ta? Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Kí o tó mọ ohun tó ń jẹ́ okùn ni mo ti ń rán an."

"Ẹ má bínú, Màmi."

"N ò bínú. Gbé àpò rẹ."

Ọmọ kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó gbé àpò rẹ̀. Kò parí ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Kí ọ̀sẹ̀ tó pé, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gbé tiwọn wá. Kì-í-tú wọ ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀wù pákó rẹ̀, ó wọ̀n ọ́n, ó rán an, ó sì rán ìrù mọ́lẹ̀. Sájẹ́ǹtì tó jẹ́ olórí wọn, ọkùnrin kúkúrú kan tí irun rẹ̀ ti ń funfun, gbé ọ̀kan sókè lójú gbogbo wọn, ó ní, "Ẹ wo iṣẹ́! Kò sí ohun kan tó ń jù. Bí ṣọ́jà ṣe yẹ kó rí nìyí." Òun náà wá gbé tirẹ̀ wá kẹ́yìn. Ìyẹn ló pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Àbíkẹ́yìn kò dúró de àwọn yòókù. Nínú àwọn tí ìyá rẹ̀ rán àpò fún, òun nìkan ló wà lára ìwọ̀nba èèyàn tí wọ́n rán ṣáájú láti lọ tún ibùdó ṣe. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, ọkọ̀ wọn jáde ní géètì, ọwọ́ kan sì jù láàárín ọ̀pọ̀ ọwọ́. Ìyá rẹ̀ gbà pé ọwọ́ ọmọ òun ni.

Ọjọ́ kejì, tí àwọn tó kù máa lọ, ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Sájẹ́ǹtì ń bọ̀ wá gbé àpò rẹ̀ lọ́sàn-án. Gíga òun àti Kì-í-tú kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, obìnrin náà sì rò ó pé kóun fi ara òun dán an wò. Ó gbé ẹ̀wù pákó wọ̀, ó kó awọ àti irin kún àpò títí ó fi wúwo bó ṣe yẹ, ó gbé e lé orí tábìlì, ó fi ẹ̀yìn sún mọ́ ọn, ó ti apá kan bọ̀ ọ́, ó ti ìkejì bọ̀ ọ́. Ó rìn. Àpò náà jókòó sí i lára bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn. Inú rẹ̀ dùn.

Ó wá fẹ́ bọ́ ọ.

Ó gbé irin okùn èjìká sókè kí okùn lè sá, okùn kò sá. Òun fúnra rẹ̀ ló rán ìrù rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sì sí ibi tó máa sá gbà. Ó fẹ́ sún èjìká rẹ̀ jọ kó lè fa apá yọ, gẹ́gẹ́ bí ọmọ iléèwé ti ń yọ tiwọn. Pákó kò jẹ́ kí èjìká sún. Wíwọlé rọrùn, jíjáde kò sí, bí ẹja tó wọ ìgèrè. Ó tẹ̀ síwájú, ó gbọn ara, ẹrù fà á, ó sì ṣubú sẹ́yìn láàárín tábìlì àti ògiri. Pákó iwájú dé mọ́ ọn láyà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lókè. Èémí rẹ̀ ń kúrú.

Ó fi gìgísẹ̀ gbá ògiri títí onígbàjámọ̀ fi yọjú.

"Ẹ̀gbọ́n! Eré ìjàpá lẹ ń ṣe ni?" Ó dì mọ́ ilẹ̀kùn, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ dúró, ẹ jẹ́ n pe àwọn oníbàárà mi kí wọ́n wá wò."

"Gbé e kúrò lára mi."

Ohùn rẹ̀ ló pa ẹ̀rín náà. Onígbàjámọ̀ fa okùn, okùn kò gbọ́. Ó sáré lọ mú abẹ ìfárí rẹ̀, ó gé okùn èjìká kan, ó sì fà á dìde. Kì-í-tú jókòó sílẹ̀, ó ń mí.

"Iṣẹ́ yín le o," ni onígbàjámọ̀ wí, ó ń nu abẹ rẹ̀. "Ọpẹ́lọpẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ lẹ ṣubú sí. Ká ní odò ni ńkọ́?"

Àwàdà ló fi ṣe. Ó wo ojú obìnrin náà, ó sì rí i pé kò gbà á sí àwàdà.

"Mẹ́rìnlá," ni Kì-í-tú wí.

"Mẹ́rìnlá kí ni?"

"Àpò. Mẹ́rìnlá ló ti wà lọ́wọ́ wọn. Mo ti dè wọ́n mọ́ ẹrù, àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Ọmọ tèmi sì fẹ́ sọ fún mi." Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ó ti la ẹnu, mo sì pa á dé."

Orí ọ̀rọ̀ yìí ni Sájẹ́ǹtì bá wọn. Ó wo okùn tí wọ́n gé, ó wo pákó, ó gbọ́ àlàyé. Kò bú u. Ó bọ́ fìlà rẹ̀.

"Èmi náà rí ìrù tí wọ́n rán mọ́lẹ̀ yẹn, Màmá. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń gbé àpò. Mo rí i, mo sì yìn yín, torí pé ó mọ́ lójú. Láti ìgbà tí ẹ ti kó wọn fún wa, a ò tíì wọ̀ wọ́n mọ́ ẹ̀wù ayẹta. Àárọ̀ yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o jáde. Ẹ mú irinṣẹ́ yín."

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì rí obìnrin náà tó ń bọ̀ pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́. "Màmá Kì-í-tú, ṣé géètì wa lẹ fẹ́ wá bá wa rán?"

"Mo wá tú nǹkan ni."

"Ẹ̀yin kẹ̀? Ayé ti dópin nìyẹn!"

Àwọn ọmọ ogun mẹ́tàlá wà lórí pápá pẹ̀lú ẹ̀wù ayẹta lára, àpò wọn wà nílẹ̀ níwájú wọn. Nígbà tí Sájẹ́ǹtì ní kí wọ́n kó okùn wọn wá kí Màmá tú u, ọ̀kan nínú wọn, ọmọkùnrin gíga kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀pá, di tirẹ̀ mú.

"Màmá, ẹ fi tèmi sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti wà níṣẹ́ yìí, n ò rí àpò tó dára tó báyìí. Ẹ fẹ́ kí okùn máa jù lára mi bí aṣọ tí wọ́n sá?"

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Kì-í-tú ní, "Gbé e wọ̀."

Ẹnìkan bá Ọ̀pá gbé e wọ̀.

"Ó dáa. Omi ti dé ọrùn rẹ. Bọ́ ọ."

Ọ̀pá gbé irin okùn sókè. Ó fà á. Ó gbọn èjìká, ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń kà á ní ení, èjì. Nígbà tí wọ́n kà á dé ogún, kò sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́ mọ́. Wọ́n dé ọgbọ̀n, Ọ̀pá ṣì dúró láàárín wọn, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀.

"Ẹ tú u, ẹ jọ̀ọ́, Màmá," ni ó wí.

Kì-í-tú jókòó sórí àpótí kan ní pápá, ó ń tú u lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò gé e ní gígékúgèé. Bí bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ, bí òun náà ti kọ́ Àbíkẹ́yìn nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó ń já ojú rírán kan, ó ń fo méjì, ó ń já òmíràn, títí òwú yóò fi jáde fúnra rẹ̀ láì ba okùn jẹ́. Ìrù mọ́kàndínlógójì ló tú. Lẹ́yìn náà ó so okùn tuntun sí ti Sájẹ́ǹtì, ó sì tú ìrù méjì tó kù lára rẹ̀. Nígbà tó parí, ó dìde lórí àpótí náà.

"Ó ku ẹnì kan," ni ó wí.

"Mo mọ̀," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Ọjọ́ mẹ́ta la fi máa rìn kí a tó bá wọn. Wọ́n ti gba fóònù gbogbo wa. Ẹ fún mi ní abẹ yẹn, èmi ni màá fi lé e lọ́wọ́. Kí ni kí n sọ?"

Ó fi abẹ náà lé e lọ́wọ́. "Ẹ sọ fún un pé òun ló mọ̀ ọ́n."

Ọkọ̀ wọn lọ. Kì-í-tú padà sí ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n kò rán nǹkan kan. Ó jókòó síwájú maṣíìnì bí ẹni tó ń dúró de dókítà. Ìlà méjì tó fi òwú oní-ìda rán ló ń rò: ìfẹ́ ló fi rán èkejì, èkejì náà ló sì máa pẹ́ jù lọ láti já. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ó ń gbọ́ ara rẹ̀ tó ń wí pé, "Ta ló kọ́ ta?" Ó ń gbọ́ ọmọ tó ń wí pé, "Ẹ má bínú." Onígbàjámọ̀ máa ń yọjú, á fi omi sílẹ̀ fún un, á lọ. Kò dápàárá kan ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn.

Ọjọ́ kọkànlá ni dírẹ́bà kan tó gbé ẹrù lọ síbùdó tó sì padà wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó fa àpòòwé kan tó ti dọ̀tí jáde.

"Ọmọ yín ní kí n fún yín. Ó ní kò sí lẹ́tà nínú rẹ̀, pé ẹ máa rí i kà."

"Ìwọ fojú rí i?"

"Àní mo fojú rí i. Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó rù. Mo gbọ́ pé odò kan kún lójú ọ̀nà wọn lọ́jọ́ kejì, kí Sájẹ́ǹtì tó dé. N ò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, Màmá."

Ó da àpòòwé náà sórí tábìlì. Ìrù okùn mẹ́ta ló jáde. Ó tan iná, ó fi àtàǹpàkò tẹ́ wọn. Ojú rírán méjì nínú wọn ni wọ́n ti já, ọ̀kan, fo méjì, ọ̀kan, fo méjì. Okùn wọn kò ní àléébù. Ẹni tó tú wọn jókòó ni, ara rẹ̀ balẹ̀, ó sì rántí ẹni tó kọ́ ọ. Ẹ̀kẹta kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀bẹ ló gbà á kọjá ní wíwọ́, ìrù àti okùn èjìká lápapọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọ̀bẹ náà sì tàsé kó tó gé. Ẹrẹ̀ ti gbẹ wọ inú rẹ̀ tipẹ́tipẹ́.

Ó di ọ̀kan tó ní ẹrẹ̀ yẹn mú fún ìgbà pípẹ́. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Ẹni tó gé ọ̀kan báyìí, tó sì tún padà jókòó tú méjì yòókù, ó wà láàyè. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọ̀bẹ tàsé.

"Màmá, mo ń lọ o," ni dírẹ́bà wí. "Lọ́la ni mo tún máa padà síbẹ̀."

"Dúró."

Ó fa okùn tuntun sílẹ̀ lára ìṣó, ó wọ̀n ọ́n mọ́ èyí tí ọ̀bẹ gé, ó fi ìbú ọwọ́ kan lé e. Ó rán orí rẹ̀ ní ìlà méjì níbi tí yóò ti di àpò mú. Ó ti irin bọ̀ ọ́, ó fa okùn kọjá, ó fà á padà, ó rí i pé ó ń sá. Lẹ́yìn náà ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

Onígbàjámọ̀ tó ti yọjú wo etí okùn náà níbi tó ti ń jù létí tábìlì. "Ẹ̀gbọ́n," ni ó rọra wí, "ìrù wà lóde o."

"Mo rí i," ni Kì-í-tú wí, ó ń ká okùn náà sínú ìwé fún dírẹ́bà. "Jẹ́ kó máa jù."